Ìjánu Pupa Adú

Ta ló fi nǹkan yẹn sí àgbò lórí?

Ẹ̀yin ni mò ń bi. Ẹ yé wo ojú ara yín. Mo jí lójú oorun ọ̀sán, mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí àgbò Iléyá wa tí ẹ ń fà kiri àdúgbò, ìjánu ẹṣin lẹ́nu rẹ̀, òwú pupa ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Sèkínà, ọmọ ọmọ mi, ló mú okùn lọ́wọ́, ó ń yan níwájú bí olorì. Mo ní, "Sèkínà, níbo lo ti rí i?" Ó ní, "Baba, e dey hang for back of your door. I think say na belt."

Bẹ́líìtì! Ó dáa. Ẹ so àgbò yẹn mọ́ ìdí igi máńgòrò, kí ẹ wá jókòó. Inú kò bí mi. Ẹni tí kò rí ẹṣin rí, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu? Ní Warri tí ẹ gbọ́njú sí yìí, ẹ mọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ẹ mọ tírélà tí ń ti pọ́ọ̀tù bọ̀, ẹ mọ ọkọ̀ ojú omi. Orí fóònù nìkan ni ẹ ti ń rí ẹṣin.

Ẹṣin wà ní Warri rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dókítà ẹran ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìyẹn ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ẹṣin ni mo tọ́jú jù lọ, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, arúgbó ni.

Nígbà náà, bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, kì í ṣe ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń jí wa. Pátákò ni. Kò, kò, kò, kò, lórí ọ̀dà títì, láti ọ̀nà Aladja wá, títí dé Effurun. Àwọn tí etí wọn ti mọ́ ọn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní, "Adú nìyẹn." Ẹlòmíràn á ní, "Rárá o, ti oníyàwòrán ni, ṣé o ò gbọ́ pé ẹsẹ̀ kan ń wọ́?" Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìsìnkú nílùú yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí olóyè bá kú nígbà náà tí kò sí ẹṣin níbi òkú rẹ̀, àwọn ènìyàn á máa bi ara wọn pé ṣé kò bímọ ni. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń gun ẹṣin náà, pẹ̀lú fìlà pupa àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, wọn á sì fà á yí àdúgbò ká. Bí àwọn onífèrè bá ti fọn fèrè, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ ijó. Á gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, á gbé ti òsì, á tẹ ọrùn bí ìyàwó tuntun tó ń tijú. Àwọn obìnrin á tú ìborùn wọn, wọn á máa fi fẹ́ ẹ.

Àwa tí a ti apá Ọ̀yọ́ wá ń tajà níbí náà ní ọjọ́ tiwa. Láàárọ̀ Iléyá, ẹṣin ni àwọn àgbààgbà ń gùn lọ sí yídì. Ọdún kan wà tí ẹṣin gbé bàbá aláṣọ kan tòun ti agbádá, ó yà kúrò lọ́nà, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń sun àgbàdo. Ìrun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń pariwo látòkè ẹṣin pé, "Ẹ bá mi sọ fún Lèmọ́mù kó ní sùúrù! Ẹranko yìí kò tíì jẹun tán!"

Ìyá Ẹbùn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ará Ìlàjẹ ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń so ẹṣin sí lọ́nà Aladja. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí, kò rí ẹṣin rí kó tó dàgbà. Ọjọ́ kìíní tó rí Adú, ó gbé abọ́ ẹja kan wá. Mo bi í pé, "Ìyá, ta lẹ gbé ẹja fún?" Ó ní, "Ọkùnrin dúdú tó dúró síbẹ̀ yẹn ni. Ó ti ń wò mí láti àárọ̀, ojú ń tì mí." Nígbà tí mo sọ fún un pé koríko ni ẹṣin ń jẹ, ó mi orí. Ó ní, "Pẹ̀lú ara tó tóbi tó báyìí? Ẹ̀yin ará òkè, ẹ kì í ṣàánú ẹran."

Èyí tó dùn nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó korò.

Àwọn ẹṣin yẹn kì í ṣe ọmọ ẹṣin. Ilẹ̀ Hausa ni wọ́n ti ń kó wọn wá, nínú tírélà kan náà tó ń kó màlúù. Ẹṣin tí ìdíje ti sú, ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹṣin tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ fún lóúnjẹ mọ́, wọ́n á tà á, wọn á tún un tà, títí yóò fi dé etí omi níbí. Àwọn tó ń tà wọ́n á fi fáìlì irin ra eyín wọn kó lè dà bí eyín ọ̀dọ́. Wọn á fi aró tí àwọn obìnrin fi ń pa ewú pa funfun ojú wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n kòtò kan wà lókè ojú ẹṣin tí aró kò lè dí. Bí mo bá ti tẹ ìka sí ibẹ̀ tó rì wọlé, mo ti mọ̀. Ẹṣin kì í darúgbó ní Warri. Ó ti darúgbó kó tó dé ibí ni. Eṣinṣin ẹ̀bá odò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ á wá pàdé rẹ̀, òjò á pàdé rẹ̀, iṣẹ́ Sátidé á pàdé rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú kí ọjọ́ tó kù rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo máa ń ti ọwọ́ bọ ẹnu wọn, kí n fi fáìlì ra ṣóńṣó eyín tó ń gún wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tí kò léyín mọ́, mo máa ń ní kí wọ́n rẹ èèrí ọkà sínú omi títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ ọmọdé. Mo ń gé pátákò. Mo ń wo ìgbẹ́ wọn láàárọ̀ bí ẹní ń ka ìwé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n ẹṣin kọ́ ni iṣẹ́ náà le lórí. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé aláìsàn méjì ló wà nínú ilé ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, kò mọ irọ́ pa. Èkejì fi méjì dúró, irọ́ ló sì máa kọ́kọ́ pa. Á ní, "Dókítà, ọ̀lẹ ló ń ṣe é." Á ní, "Àwọn ayé ni. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá wọ́n ju nǹkan sí i." Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé ọjọ́ orí ni. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ darúgbó, òun náà ti darúgbó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Warri ní àṣà kan. N kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu, òun nìkan ló ń tú u. Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, á tú u, á jẹ́ kí ó kan ilẹ̀ níwájú ẹṣin. Ìgbà yẹn ni ẹṣin mọ̀ pé iṣẹ́ tán. Kò ní jó mọ́. Mo ti rí ẹṣin tí wọ́n ń fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, tí kò tilẹ̀ gbórí sókè, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ, nítorí ìjánu ti kan ilẹ̀.

Lọ́jọ́ ikú náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹṣin bá dé ibi tí kò sí ìwòsàn mọ́, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi tí yóò fi sùn, tí kò ní jí. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ fi kàn án àfi tí ẹni tó ni ín bá kọ́kọ́ wá, tó sì tú ìjánu lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ẹṣin má baà lọ ní ẹrú. Àṣà náà níyì, mo sì fara mọ́ ọn. Ó ní ìyà tirẹ̀ ṣá. Oníyàwòrán tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tó máa ń ya àwọn ìyàwó lórí ẹṣin, nígbà tí ẹṣin rẹ̀ ṣubú tí kò lè dìde mọ́, ó sá lọ sí Sapele. A ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ń bọ̀. Ẹṣin wà nílẹ̀, eṣinṣin bò ó, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan ìjánu. Ìgbà tí ọkùnrin náà máa dé, ẹṣin ti kú sínú ìrora rẹ̀, ìjánu ṣì wà lẹ́nu. Ó jókòó tì í, ó ń sunkún. Ó ní, "Dókítà, mo rò pé bí n kò bá wá, kò ní kú ni."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹni tó ni ìjánu pupa yìí, Alhaji Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo Warri ń pè é. Ará Ọ̀yọ́ ni, ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń rín. Ẹṣin rẹ̀ ni Adú. Adú dúdú bí kóró iṣin, kò sì sí ẹṣin tó mọ ijó tó o láti ibí dé ìdí omi. Ẹnìkan péré ló fẹ́ràn ẹṣin náà tó Alhaji. Olóyè ará Effurun kan ni, Papa Efe, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Nígbà tí kò sí onílé tó fẹ́ gba ẹṣin sí àdúgbò, Papa Efe ló fún Alhaji ní ilẹ̀ ẹ̀bá odò tó kọ́ ilé ẹṣin sí. Lọ́jọ́ tí Papa Efe joyè, Adú ló gùn. Níbi àsè, ó di Alhaji lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ẹṣin tó gbé òun dé ipò yìí ni kó gbé Efe, àkọ́bí òun, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin òun.

Alhaji ní, "Mo gbà. Ọlọ́run gbọ́."

Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹṣin kì í darúgbó.

Ọdún gorí ọdún. Ewú yọ sójú Adú. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní koríko, á jẹ ẹ́, á tu ú sílẹ̀ ní ṣùkùṣùkù. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Alhaji ní kí n wá. Mo bá Adú tó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, tó fi gbogbo ìwúwo ara tẹ ẹ̀yìn, bí ẹni tó dúró lórí ẹyín iná. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná. Mo mọ àrùn náà. Ẹran inú pátákò ló ń jó, yóò sì jó títí egungun inú rẹ̀ á fi máa rì. Ọmọ ẹṣin lè bọ́ níbẹ̀. Arúgbó kì í bọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Adú ti ṣiṣẹ́ tán."

Ó ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí."

"Má sọ ọ́. Sọ ohun tí mo máa fún un jẹ."

A dá iṣẹ́ Sátidé dúró. Ìyẹn Alhaji gbà. Lójoojúmọ́ ó ń rẹ èèrí fún un, ó ń po oògùn ìrora tí mo fún un mọ́ ọn, ní ìrọ̀lẹ́ á rọra fà á lọ sínú ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀bá odò, kí ó ki ẹsẹ̀ bọ ibi tó tutù. Ìyá Ẹbùn ló máa ń rí wọn. Ó sọ fún mi pé, "Tí ó bá ti wọ ẹrọ̀fọ̀ yẹn, á mí kanlẹ̀. Hùn-ùn, báyìí. Alhaji náà á mí kanlẹ̀. Bí tọkọtaya ni wọ́n rí, Dókítà, ẹ má bínú."

Ìgbà tó yá, ẹrọ̀fọ̀ pàápàá kò tó mọ́. Adú ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, kò fẹ́ dìde. Mo sọ ọ́ fún Alhaji láìfi bò: ọjọ́ ìjánu ti dé. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni Papa Efe kú.

Ó wá sí ọ́fíìsì mi fúnra rẹ̀. Kò jókòó.

"Dókítà, ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Abẹ́rẹ́ kan. Èyí tí kò ní jẹ́ kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun òun."

"Ẹ̀gbọ́n, ìrora yẹn ló ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá lé e kúrò pátápátá, á gbàgbé ara rẹ̀, á jó, ẹsẹ̀ á sì ṣẹ́."

"Mo ti ṣèlérí fún Papa Efe."

"Bó bá wà láàyè tó rí Adú báyìí, òun fúnra rẹ̀ á ní kí ẹ fi í sílẹ̀."

"Alààyè là ń bẹ̀, Dókítà. A kì í bẹ òkú." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí àwọn ará Effurun sọ pé àwa Yorùbá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn, a kò lè sin ín?"

A pe Efe. Ọmọ gidi ni, òkè òkun ló ti wá sin bàbá rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wo Alhaji, ó ní, "Baba Alhaji, I no need climb am. Make Adú just show face. Papa go see am." Ibẹ̀ la ti rí ọ̀nà. A fẹnu kò pé Adú á rìn díẹ̀ níwájú pósí, láti oríta dé ẹnu ọ̀nà ilé, láìsí ẹni lórí rẹ̀. Kò ní sí ìjánu lẹ́nu rẹ̀. Okùn lásán la ó fi sí i lọ́rùn, kí ó mọ̀ pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn onífèrè wọn kò ní fọn ohunkóhun títí a ó fi gbé e padà sínú ọkọ̀. Bí a bá dé ilé, á wọ ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sinmi tán, Alhaji á ṣe tirẹ̀, èmi á ṣe tèmi.

Alhaji gbà. Ó ní, "Kí ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ilé. Lẹ́yìn náà, n kò ní bá ọ jiyàn mọ́."

Ohun tí mo ń wá nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ: kí ẹṣin kan ṣoṣo, nínú gbogbo èyí tí mo tọ́jú ní Warri, kú síbi tó tù ú lára.

Ọkọ̀ akẹ́rù la fi gbé e dé oríta. Mo ti po oògùn rẹ̀ fún un, ìwọ̀n tó lè fi rìn, tí kò lè fi gbàgbé. Ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Irun rẹ̀ mọ́, Alhaji ti fi epo pa á. Pósí ti wà níbẹ̀, gbogbo ẹbí wọ funfun. Èmi àti Efe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkú, à ń bá àwọn onífèrè sọ̀rọ̀, à ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n gbé fèrè wọn sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Alhaji, èmi kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ẹbùn ló rí i. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Àwọn ọmọkùnrin kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n rí okùn lọ́rùn Adú. Ọ̀kan pariwo pé, 'Alhaji, na goat you carry come bury Papa Efe?' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èkejì ń ké bí ewúrẹ́, mẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀. Alhaji tẹ orí ba. Ó ń wo ilẹ̀. Ẹnìkan tún ní, 'Warri no dey carry last o, but this one don last finish!' Nígbà náà ni mo rí i tó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá. Mo rò pé tẹ̀sùbáà ló fẹ́ yọ. Pupa ni mo rí."

Ìjánu yìí ni. Ó ti wà lápò rẹ̀ láti ilé.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo bi í léèrè. Ó ní òun kò fẹ́ kí Adú jó, òun kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹṣin ni. "A kì í mú ẹṣin lọ sin olóyè bí ẹní mú ewúrẹ́ lọ ọjà." Ẹ kò lè rí ẹlòmíràn tó máa ṣe irú àṣìṣe yẹn àfi ẹlẹ́ṣin. Ẹni tí kò mọ ìjánu kò ní mọ ohun tí àìsí rẹ̀ ń sọ fún ẹṣin. Alhaji mọ̀ ọ́n, ìtìjú ló bò ó lójú.

Àwọn onífèrè Papa Efe pa àdéhùn mọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé ni, ìlú sì ni Warri. Òkú mìíràn ń bọ̀ láti òdìkejì, tòun ti onífèrè tirẹ̀. Wọ́n yọ sí oríta, wọ́n sì fọn ọ́n.

Mo rí orí Adú tó gbé sókè. Mo rí òwú pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé ti òsì. Ó tẹ ọrùn. Ẹ̀yin ọmọ, n kò lè purọ́ fún yín, ó dára lójú. Bó ṣe jó lọ́jọ́ tí Papa Efe joyè gan-an ló ṣe jó. Àwọn ọmọ orí kẹ̀kẹ́ fò dìde, wọ́n ń hó. Àwọn obìnrin tú ìborùn. Alhaji tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké pé, "Ẹ wò ó! Adú mi! Ewúrẹ́ ni?"

Mo ń sáré, mo ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ìjánu! Ẹ tú ìjánu!"

Ó gbọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ, Dókítà. Mo ní kó jó díẹ̀ sí i."

Ìró kan dún bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Adú ṣubú sórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ti yí sí ẹ̀gbẹ́. Ariwo dákẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn onífèrè kejì kò rí nǹkan kan, èrò pọ̀ láàárín, wọ́n ń fọn lọ.

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ṣí àpò mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yá."

Ó ní, "Á dìde."

"Kò lè dìde."

"Ẹ fún un láyè, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Á dìde."

Efe na ọwọ́ sí ìjánu. Alhaji gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Èmi ni mo fi sí i! Ta ló ń fọwọ́ kàn án?" Ó wá ń wò mí bí oníyàwòrán ọjọ́sí ṣe wò mí. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí òun kò bá tú u, kò ní kú.

Fèrè ń dún. Mo wo ilẹ̀, mo sì rí ohun tí n kò fẹ́ rí. Adú tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń gbé ẹsẹ̀. Èyí tó yè á gbé, èyí tó ṣẹ́ á gbìyànjú. Ọ̀tún, òsì. Ó ń tẹ̀ lé fèrè. Ojú rẹ̀ ti funfun, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń jó lórí ilẹ̀.

Ìyá Ẹbùn ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Alhaji, ẹṣin yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ o."

Alhaji wo àwọn ẹsẹ̀ náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá kúnlẹ̀ tòun ti agbádá, ó tú ìdè ẹ̀yìn etí, ó rọra yọ irin náà láàárín eyín tí kò pọ̀ mọ́, ó sì fi ìjánu kan ilẹ̀ níwájú ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó tó, Adú."

Ẹsẹ̀ dúró. Fèrè ṣì ń dún, ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn mọ́. Ó mí kanlẹ̀, hùn-ùn, bó ṣe máa ń ṣe nínú ẹrọ̀fọ̀. N kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Mo ṣe tèmi. Alhaji bọ́ agbádá, ó fi bò ó lójú. A kò tíì gbéra kúrò nílẹ̀ tí àwọn kan ti dé pẹ̀lú ọ̀bẹ. "Baba doctor, abeg leave us small." Mo sọ fún wọn pé oògùn tó wà nínú ẹran yẹn á pa ẹni tó bá jẹ ẹ́. Wọn kò gbà mí gbọ́, Efe àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló yí i ká tí wọ́n dúró, nínú aṣọ funfun wọn, pósí bàbá wọn wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Papa Efe tán, wọ́n wá katapílà, wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ jíjìn lẹ́bàá odò, lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fún Alhaji. Ibẹ̀ ni Adú wà.

Wọ́n ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn. Alhaji kò gun òmíràn. Ó gbé ìjánu yìí wá fún mi, ó fi ìwé ìròyìn wé e. "Mú un. Gbé e síbi tí n kò ti ní rí i." Ó padà sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù ń kú, ẹṣin wọn ń kú, kò sẹ́ni tó rọ́pò. Bí ẹ bá rí ẹṣin níbi òkú ní Warri lónìí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti yá a wá, ọjọ́ kan náà ló ń padà. Ibi tí ilé ẹṣin wà lọ́nà Aladja, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ náà ṣì wà, epo mọ́tò ló bò ó lójú.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ti fèrèsé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ti ń bi mí tipẹ́tipẹ́, ẹ rò pé ariwo ni n kò fẹ́.

Sèkínà ní, "Baba, so e dey pain the ram too?" Irin yẹn tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, ọmọ mi. Wò ó bó ṣe ń la ẹnu, tí ó ń jẹ irin náà láti ìgbà tí a ti jókòó. Ọ̀la ni Iléyá, ẹ kúkú mọ ohun tó ń dúró dè é.

Dìde. Ìwọ lo fi í sí i, èmi kò lè bá ọ tú u. Rọra, má fà á. Ẹ̀yìn etí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Má ì gbé e fún mi. Jẹ́ kó kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀ ná, kí ó rí i.

Ó tó. Fún un ní koríko.